Omi Sàráà Tó Ń Lọ sí Òkun

Àtìní, 3 Èrèlé

Ọyẹ́ ṣì ń jà, ètè mi ti là. Mo gbé ìgò omi méjì láti Kubwa lọ sí ibi iṣẹ́ wa ní Garki lónìí, ọ̀kan láti òkè ibi ìfọṣọ Màmá, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì bi mí bóyá àgbo ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè fi mí sílẹ̀. Priscilla tó jẹ́ ọ̀gá wa nídìí ìwádìí ìdọ̀tí inú òkun ló ní kí olúkúlùkù wá omi odò tí a ó fi kọ́ bí a ṣe ń lo maikirosíkóòpù tuntun, odò ẹ̀yìnkùlé wa ló sì súnmọ́ mi jù.

Iyẹ̀pẹ̀ àti ewé jíjẹrà ló wà nínú omi òkè. Omi ìsàlẹ̀ kún fún fọ́nrán: dúdú, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí irun tó há sínú kóòmù. Ara aṣọ ni wọ́n ti já. Ọ̀rá ni gbogbo wọn, wọn kì í jẹrà. Priscilla bojú wò ó, ó ní odò wo nìyí. Mo ní odò kan ní Kubwa ni. Mi ò sọ pé omi sàráà ìyá mi ló ń ṣàn sínú rẹ̀.

Àlàmísì, 6 Èrèlé

Mo tún lọ bu omi mìíràn, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Ojú mi kọ́.

Mo dúró pẹ́ níwájú ògiri ibi ìfọṣọ, mo ń ka ohun tí a kọ sí i. SÀRÁÀ FÚN ALHAJA SÀFÚRÁTÙ. Ẹ BÁ WA ṢÀDÚÀ FÚN WỌN. Nígbà tí Màmá kú lọ́dún tó kọjá, èmi àti Bùọ̀dá Jàbárù, ẹ̀gbọ́n mi, dá owó jọ, a gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, a tẹ́ pẹpẹ símẹ́ǹtì, a to ẹ̀rọ omi sí i lára, kí àwọn obìnrin àdúgbò lè máa rí ibi fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́. Irú sàráà tí èrè rẹ̀ ń dé bá òkú nínú sàréè ni, níwọ̀n ìgbà tí aráyé bá ṣì ń lò ó. Gọ́tà rẹ̀ wọ inú odò tààrà, bíi gọ́tà gbogbo ayé.

Kí ni wọ́n sì ń fọ̀ níbẹ̀? Hìjáàbù, jálàbíyà, jẹ́sì bọ́ọ̀lù, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, pọlisítà, aṣọ ọ̀rá, lọ́tùn-ún lósì. Hìjáàbù ni Màmá fúnra wọn tà lọ́jà Kubwa títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ló ta aṣọ náà, omi wọn ló tún ń bá wọn fọ̀ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo dúró sí, ẹ̀rín náà kò sì dùn lẹ́nu mi.

Jímọ̀, 7 Èrèlé

Mo sọ fún Bùọ̀dá Jàbárù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé omi Màmá ń kó fọ́nrán ọ̀rá lọ sínú òkun. Inú ṣọ́ọ̀bù Màmá ni wọ́n wà, wọ́n ń ká hìjáàbù. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà.

"Latifah, òkun wà ní Kubwa ni?"

Mo ṣàlàyé pé odò ẹ̀yìnkùlé wa ń wọ Usuma, Usuma ń wọ Gurara, Gurara ń wọ Odò Ọya, Ọya ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú òkun. Mo ní ẹja ń gbé e mì, àwa náà sì ń jẹ ẹja. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo ti dé ẹ̀yìn ọjà rí, níbi tí odindi ike àti ọ̀rá ti dí odò pa, wọ́n ní ṣé fọ́nrán aṣọ ni mo wá rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Màmá dà síwájú nìyẹn. Jọ̀ọ́, má bá wọn gbá a nù." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju kí wọ́n bú mi lọ.

Àtàláátà, 11 Èrèlé

Gáàsì tún ti gbówó lórí. Kò síná. Eruku wọ inú ìrẹsì tí mo sè.

Jímọ̀, 14 Èrèlé

Mo lọ bá Ááfà Àbdùlràhmọ̀n, àwọn tí wọ́n kírun sí Màmá lára. Mo bi wọ́n pé bí sàráà òkú bá ń ṣe àǹfààní tó sì tún ń ṣe ìpalára, èwo ló ń dé inú sàréè? Ááfà ní ta ló ń pa lára. Mo ní ẹja, ẹni tó ń jẹ ẹja, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Mo ní wọ́n ti rí ọ̀rá ara aṣọ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wọ́n fa tẹ̀súbáà wọn díẹ̀.

"Alhaja ò jẹ̀bi," wọ́n ní. "Wọn ò mọ̀, iṣẹ́ tiwọn sì ti parí. Ìwọ tó o mọ̀, tó o ṣì wà láyé, ìwọ ni wọ́n máa bi."

Mo ní ṣé kí a tì í pa ni. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀ kí n tó wá bi àwọn. Ọ̀nà ni mo wá wá sọ́dọ̀ wọn, ẹrù ni wọ́n gbé lé mi lórí.

Sátidé, 15 Èrèlé

Mo wà níbi ìfọṣọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Màmá Toheeb ló ń ṣí ẹ̀rọ, àwọn náà ló ń tì í. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Kubwa ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Kí omi yìí tó dé, ọwọ́ àwọn ọlọ́mọlanke ni wọ́n ti ń ra omi, èrè iṣẹ́ wọn a sì bá omi lọ.

Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí a tì í fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò bínú. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró, wọ́n ní, "Àǹtí Latifah, tí ẹ bá tì í, ibo ni kí n gbà?" Wọ́n dúró de ìdáhùn, torí wọ́n rò pé mo ní in. Wọ́n tún ní àárọ̀ kan kì í lọ kí àwọn má kọ́kọ́ ṣàdúà fún Alhaja kí àwọn tó yí ẹ̀rọ. Ojú tì mí.

Títì pa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ku kí n wá bí omi tó ń jáde yóò ṣe mọ́. Mo fẹ́ kí sàráà ìyá mi mọ́, mi ò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sátidé, 22 Èrèlé

A ṣe é. Bíríkìlà gbẹ́ kòtò sí ìdí gọ́tà, a da òkúta sí i, a da yanrìn lé e, Priscilla sì fún mi ní àpò asẹ́ láti ibi iṣẹ́, èyí tí ihò rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Omi gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kó tó kan odò. Bùọ̀dá Jàbárù wá wò ó, wọ́n ní ó jọ sàréè ọmọdé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wọn.

Àlàrùbá, 26 Èrèlé

Asẹ́ mú nǹkan! Mo bọwọ́ sí i, mo kó ohun eléérú kan tó rọ̀ bíi òwú tí wọ́n rẹ sómi. Mo yà á ní fọ́tò. Inú mi dùn bí ẹni tó pa ẹran.

Ìgbà tí mo gbé e délé ni mo wá bi ara mi pé ibo ni kí n kó o sí. Bí mo bá dà á sí bólà, wọn yóò sun ún, a ó sì fi imú fà á. Bí wọn kò bá sun ún, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e padà sínú odò. Bí mo bá rì í mọ́lẹ̀, ajá á hú u, bí ajá ò bá hú u, yóò ṣáà wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ àjíǹde. Mo pe Priscilla. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, àwọn tó ṣe asẹ́ náà pàápàá kò tíì mọ ibi tó yẹ kí ohun tó bá mú wọ̀. Mo fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sí bákónì.

Sátidé, 1 Ẹrẹ́nà

Wọ́n rí oṣù, a gba ààwẹ̀. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀.

Àtàláátà, 4 Ẹrẹ́nà

Àwọn obìnrin ń kùn. Omi kì í tètè lọ mọ́, ó ń dúró lórí pẹpẹ, ó dúdú, ó ń rùn. Wọ́n ní nàjásà ni, omi àìmọ́. Ta ló fẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ ta sí aṣọ tó máa fi kírun nínú ààwẹ̀? Ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá asẹ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Mo dá a padà, mo ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bí mo bá ti yí ẹ̀yìn, wọn á tún yọ ọ́. Mi ò lè bá wọn jà, èmi náà kò ní jẹ́ kó ta sí tèmi.

Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Mo ṣínu lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Jàbárù. Mo ra ìbẹ́pẹ àti ọsàn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èso ní Zuba, ìyàwó wọn sì din ẹja inú yìnyín. Bí wọ́n ṣe ń já ẹja náà ni mò ń wo ẹnu wọn, títí wọ́n fi ní kí n yé wò wọ́n bẹ́ẹ̀, tàbí kí n gbé àwo náà sínú maikirosíkóòpù mi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹja náà, ebi ń pa mí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní èèyàn kì í fi ẹnu lásán gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin Kubwa, kí a fún wọn ní nǹkan. Hìjáàbù búlúù tí Màmá kó wá láti Kano kí wọ́n tó kú ṣì wà nínú báàlì rẹ̀, àwọn kò lè tà á, torí bí àwọn bá rí i, ọkàn àwọn á bàjẹ́. Kí a fi ṣe sàráà fún Màmá nínú oṣù yìí, kí gbogbo àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbà láti fi asẹ́ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀, kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Mo fẹ́ dì mọ́ wọn. Láti ìgbà tí a ti gbẹ́ kànga Màmá, a kò tíì fẹnu kò lórí nǹkan kan rí.

Sátidé, 15 Ẹrẹ́nà

Ìròyìn hìjáàbù ti tàn ká, kò sẹ́ni tó yọ asẹ́ mọ́. Màmá Toheeb fi ara wọn ṣe olórí, bí ẹnìkan bá sún mọ́ kòtò, wọn á ní, "Kai, má fọwọ́ kan nǹkan Àǹtí." Mo bu omi ìsàlẹ̀ lọ sí Garki. Fọ́nrán ti dín kù. Mo tún un wò, mo pe Priscilla kó wá wò ó, òun náà ní ó dín kù.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Mo sọ fún Màmá pé ó ti ń mọ́.

Àtàláátà, 25 Ẹrẹ́nà

A pín hìjáàbù lónìí níwájú ògiri. Ó dára kí wọ́n rí i gbà ṣáájú òru ọ̀la, tí í ṣe òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, kí wọ́n lè rí i wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí. Búlúù tó dán ni, irú tí Màmá fẹ́ràn. Àwọn obìnrin fi wé ara wọn lórí, wọ́n ń pe orúkọ Màmá, Bùọ̀dá Jàbárù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń nu ojú. Òùngbẹ kò gbẹ mí lónìí.

Àlàrùbá, 26 Ẹrẹ́nà

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Wọ́n jẹ́ kí a tètè kúrò ní ibi iṣẹ́. Bí mo ṣe yà sí ẹ̀yìnkùlé, búlúù ni mo kọ́kọ́ rí. Gbogbo okùn aṣọ, gbogbo ọgbà, gbogbo orí igi kékeré tó wà lẹ́bàá odò, hìjáàbù búlúù ló kún ibẹ̀, ó ń kán tó tó tó. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ṣófo. Omi inú gọ́tà ti di búlúù. Odò náà ti di búlúù títí dé ibi tó ti yà.

Ta ló máa ń fi aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báàlì jáde kírun láìfọ̀ ọ́? Kò sí. Màmá ló kọ́ èmi gan-an. Wọ́n á ní, "O mọ ọwọ́ tó ti gbà á?" Mi ò wọ hìjáàbù tuntun rí láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Mo sì mọ̀, àní mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ ìwádìí ní ibi iṣẹ́, pé ìgbà àkọ́kọ́ tí aṣọ tuntun bá kan omi ni fọ́nrán rẹ̀ máa ń já jù. Mo mọ èyí, mo mọ èkejì, mi ò so wọ́n pọ̀. Èmi náà ni mo pín aṣọ ọ̀hún, lọ́jọ́ tó jẹ́ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Asẹ́ dí. Omi kún bo pẹpẹ dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Màmá Toheeb rí mi, wọ́n sáré wá, inú wọn dùn, asẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ó mọ́ fínnífínní. Wọ́n ní nígbà tí omi kò lọ mọ́ ni àwọn yọ ọ́, tí àwọn sì ṣàn án dáadáa nínú odò, kó má baà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ṣé kò burú, Àǹtí?"

Mo wo ojú wọn. Ààwẹ̀ ti mú wọn gbẹ, omi ti bó ọwọ́ wọn.

"Kò burú, Ma. Ẹ ṣeun."

Mo gba asẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Jímọ̀, 28 Ẹrẹ́nà

Omi ìsàlẹ̀ burú ju ti Èrèlé lọ. Mi ò ka fọ́nrán inú rẹ̀ tán, mo dà á nù. Inú ṣíńkì ni mo dà á sí, ọwọ́ mi sì ti ṣe é kí n tó rántí pé ṣíńkì náà ní ibi tó ń lọ.

Priscilla pè wá jọ. Prọ́jẹ́ẹ̀tì wa ti parí, àwọn olówó iṣẹ́ kò ní fi kún un. Wọ́n ń gbé maikirosíkóòpù lọ sí ẹ̀ka ti Èkó. Wọ́n ní ibi tí òkun wà ni iṣẹ́ òkun yẹ kó wà. Priscilla kò lè wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní bóyá wọn yóò fi mí sí iṣẹ́ mìíràn, mo ní kò burú.

Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà

Ọdún Ìtúnu. Ní yídì, ìlà àwọn obìnrin tó wà níwájú mi wọ hìjáàbù Màmá. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Nígbà tí wọ́n jọ forí kanlẹ̀, mo gbàgbé ohun tó yẹ kí n kà.

Àlàmísì, 3 Igbe

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ pẹ̀lú ìjì. Ó wọ́ òkúta àti yanrìn inú kòtò lọ, ibi tí kòtò wà tẹ́jú bí ẹni pé a kò gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rí. Ara tù mí fún ìgbà díẹ̀ nítorí ooru, mo sì bínú sí ara tó tù mí.

Mo sọ fún Bùọ̀dá Jàbárù pé mo fẹ́ gbẹ́ òmíràn. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n sinmi. Wọ́n ní àdúà ọdún kan Màmá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí n gbájú mọ́ ìyẹn.

Sátidé, 5 Igbe

A ṣàdúà ọdún kan fún Màmá lónìí, níbi ìfọṣọ náà, torí Bùọ̀dá Jàbárù ní ibẹ̀ ló bójú mu jù. A tẹ́ ẹní sórí pẹpẹ símẹ́ǹtì. Àwọn alágbàfọ̀ wá, àwọn ará ọjà wá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Àbújá wá.

Lẹ́yìn wàásù ni Bùọ̀dá Jàbárù dìde. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí bí sàráà Màmá ṣe ń wúlò, àwọn èèyàn sì ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ní àwọn yóò tẹ́ pẹpẹ kejì ní apá ìsàlẹ̀, tó máa tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí obìnrin kankan má ṣe máa dúró de omi mọ́. Ariwo ọpẹ́ sọ. Màmá Toheeb bú sẹ́kún, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń gbé orúkọ ìyá mi sókè.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo kàn ní láti dìde ni, kí n sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ibi tí omi yìí ń gbà jáde ṣe. Mi ò dìde. Mo wo Màmá Toheeb lórí ìkúnlẹ̀, mo wo ògiri, mo wo bùọ̀dá mi tí ojú wọn jọ ti Màmá nígbà tí inú wọn bá dùn. Ááfà Àbdùlràhmọ̀n wò mí. Wọ́n dúró díẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n dúró dè. Mo wo ilẹ̀.

Ni Ááfà bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣàdúà. Wọ́n tọrọ ìdáríjì fún Màmá. Wọ́n tọrọ àlùjánnà fún wọn. Wọ́n wá ní, "Ọlọ́run Ọba, jẹ́ kí omi sàráà yìí máa ṣàn, jẹ́ kó dé ibi tí ojú wa ò tó, jẹ́ kó kan àwọn tí a ò ní mọ̀ láyé."

Gbogbo wa ṣe àmín. Ohùn tèmi ló ròkè jù.